Páàdì tó ń dá rìn: àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Mọ́kọ́lá

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe n'Ibadan. Fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páàdì géèmù ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí. Bọ̀dá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Mọ́kọ́lá ló kó wọn wá nínú Ghana-must-go, ó dà wọ́n sórí tábìlì mi. "Injiníà, bá mi wò wọ́n. Owó tí mò ń ná lórí páàdì ti fẹ́ ju èyí tí mò ń rí nídìí géèmù lọ."

PS4 ni gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn ọlọ́kadà tí oòrùn lé wọlé, bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń wá gbá níbẹ̀, ì báà jẹ́ FIFA àtijọ́, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní EA Sports FC láti 2023. Ẹ̀sùn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ánálọ́ọ̀gì òsì, ìyẹn igi kékeré tí àtàǹpàkò fi ń darí agbábọ́ọ̀lù, síbẹ̀ agbábọ́ọ̀lù á máa rọra bá ẹ̀gbẹ́ kan lọ. "Ó ń dá rìn" ni wọ́n máa ń sọ. Nínú ilé, wọ́n lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Níbi tí ọmọ méjì ti dá owó sílẹ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, ìjà ni. Ẹni tí wọ́n nà á ní páàdì ló gba owó òun, ẹni tó borí á ní òun ò mọ̀yẹn, kó owó wá. Bọ̀dá ò kọ́kọ́ dá wọn lóhùn, torí kò sí ọmọ tí wọ́n nà ní 5–0 tí kò ní rí nǹkan dá lẹ́bi. Ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jókòó gbá a, tó fẹ́ gbá pẹnáritì sí àárín gbùngbùn, tí bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ òpó jáde, ló tó gbà pé wọn ò parọ́.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ṣe gbogbo ohun tí aráyé ní kó ṣe. Ó ra tuntun inú páálí, ẹni tó tà á fún un búra pé oríjínà ni. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó yà sí tòkunbọ̀, torí wọ́n ní èyí tí òyìnbó ti lò máa ń lálòpẹ́. Àwọn kan nínú wọn ti ń dá rìn láti ìlú tí wọ́n ti kó wọn wá. Ọmọ kan ní kó máa fín WD-40 sí abẹ́ ánálọ́ọ̀gì. Ara rẹ̀ balẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ni eruku bá rí ọ̀rá lẹ̀ mọ́, ọ̀ràn wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo agolo WD-40 kọ́ ló wà fún irú ibẹ̀ yẹn. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ojú iná wà lọ́tọ̀, contact cleaner ni wọ́n kọ sí i lára, ó sì máa ń gbẹ láìfi ọ̀rá sílẹ̀.

Mi ò tètè tú ẹyọ kankan. Mo fi wáyà micro-USB so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà níkọ̀ọ̀kan, mo ṣí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dán páàdì wò. Irú wọn pọ̀. Ẹni tó bá tẹ gamepad tester síbi ìwádìí á rí wọn. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ ibi tí ánálọ́ọ̀gì wà, láti −1 dé 1 fún ọ̀tún àti òsì, bẹ́ẹ̀ náà fún òkè àti ìsàlẹ̀. Tí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀, ó yẹ kí nọ́ńbà náà padà sẹ́bàá òdo. 0.02 tàbí 0.04 kò burú rárá, géèmù ò ní ka ìyẹn sí. Àyè tí géèmù ń gbójú fò yẹn ni wọ́n ń pè ní dead zone, bó sì ṣe fẹ̀ tó yàtọ̀ láti géèmù dé géèmù. Nínú ìlànà tí Microsoft kọ fún àwọn tó ń ṣe géèmù, 7849 nínú 32767 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ánálọ́ọ̀gì òsì páàdì Xbox, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà. Ẹ wá rí ìdí tí páàdì kan fi lè jẹ́ ọmọlúàbí lórí géèmù kan, kó wá ya wèrè lórí òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ra páàdì, kó má fi géèmù dán an wò. Nọ́ńbà ni kó wò.

Páàdì dúdú kan wà níbẹ̀ tó dúró sí −0.18 láìsí ọwọ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí dídá rìn. Òmíràn dúró ní 0.02 bí ẹni rere, ṣùgbọ́n tí mo bá tì í sí ọ̀tún tí mo fi í sílẹ̀, 0.11 ló ń padà sí. Tí mo bá tì í sí òsì, ó di −0.09. Sípíríǹgì tó ń dá a padà sí àárín ló ti dẹ̀. Ẹ̀kẹta dúró dáadáa, ó ń padà dáadáa, àmọ́ bí mo bá ń rọra tì í lọ, nọ́ńbà á fò láti 0.30 bọ́ sí 0.70, á tún padà sẹ́yìn, bí ẹni pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ fi ń pè wọ́n, ìwòsàn wọn ò sì papọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣí ojú ìwé kejì, DualShock Calibration GUI. Inú Chrome tàbí Edge lórí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó tún àárín ánálọ́ọ̀gì ṣètò, kó sì kọ ọ́ sínú páàdì fúnra rẹ̀. Àǹfààní mìíràn tó wà lára rẹ̀ ni pé ó máa ń dá ayédèrú mọ̀: tí páàdì kì í bá ṣe ojúlówó, á sọ fún ọ pé clone ni, kò sì ní bá a ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ń so wọ́n mọ́ ọn ni mò ń pín wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn "tuntun inú páálí" ló bọ́ sọ́dọ̀ ayédèrú. Àwọn tòkunbọ̀ tí àwọ̀ wọn ti ṣí, tí ọ̀rá ọwọ́ ti dì mọ́, ni ojúlówó.

Bọ̀dá dákẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Owó oríjínà ni mo san o."

Mo tú ọ̀kan nínú àwọn ojúlówó níwájú rẹ̀, torí mo fẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Síkúrù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn. Tí èèpo bá ti ṣí, batìrì ló kàn, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀dù. Abẹ́ ánálọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ni àpótí irin kékeré kan wà, nǹkan aláwọ̀ ewé méjì sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì, èkejì fún òkè àti ìsàlẹ̀. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ tín-ínrín ṣí ọ̀kan, mo gbé e sábẹ́ iná. Ojú ọ̀nà dúdú kan tó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun ló wà nínú rẹ̀, èédú ni wọ́n fi kùn ún. Eyín irin wẹ́wẹ́ ló ń rìn lórí rẹ̀. Iná kékeré ń gba orí èédú yẹn kọjá, ibi tí eyín náà bá dúró sí ni páàdì fi ń mọ ibi tí o ti ánálọ́ọ̀gì sí. Lórí ti Bọ̀dá, ilà kan ti ń dán láàárín ojú ọ̀nà dúdú náà níbi tí eyín irin ti há a, ẹ̀rún dúdú sì kó jọ sí etí rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun náà wà nínú rẹ̀: ọ̀pá ánálọ́ọ̀gì ló ń ha ara rẹ̀ mọ́ ike tó yí i ká, tó ń rọ́ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti yí fọ́lúùmù rédíò àtijọ́ rí, tó gbọ́ bó ṣe ń han, irú ẹ̀yà ara kan náà ló yí, àìsàn kan náà ló gbọ́.

Tó bá jẹ́ eruku nìkan ló wọ ibẹ̀, ó ṣeé nù. Mo fi òwú àti ọtí isopropyl nu méjì nínú wọn, wọ́n sì padà sí ààyè wọn. Èyí tí èédú rẹ̀ bá ti jẹ, kò sí ohun tí èèyàn lè nù níbẹ̀.

"Kí ló dé tí ti ṣọ́ọ̀bù mi fi ń yá bàjẹ́ tó báyìí?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, àwọn iFixit, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń kọ́ aráyé ní àtúnṣe ẹ̀rọ, tú páàdì PS5 wò. ALPS ti ilẹ̀ Japan ló ṣe ánálọ́ọ̀gì inú rẹ̀, irú rẹ̀ náà ló sì wà nínú ti PS4 àti Xbox One. Ìwé ALPS fúnra rẹ̀ ní yíyí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìgbà 2,000,000 lọ, títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìyẹn L3, kò gbọdọ̀ ju 500,000. Àwọn iFixit ka iye ìgbà tí ọwọ́ ń yí i nínú géèmù oníbọn Call of Duty: Warzone, wọ́n ṣírò rẹ̀, wákàtí 417 ló bọ́ sí. Ẹni tó ń gbá a fún wákàtí méjì lójúmọ́ á lò ó fún nǹkan bí oṣù méje. Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá ń ṣí láàárọ̀, ilẹ̀ á ṣú kó tó tì. Ká ní wákàtí mẹ́wàá ni páàdì kan ń rí lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré nìyẹn. Bọ́ọ̀lù lè má yí ánálọ́ọ̀gì tó géèmù oníbọn. Ká tiẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, oṣù mẹ́ta kò tíì pé. Kí a wá fi ọyẹ́ kún un, kí a fi òógùn àwọn ọlọ́kadà kún un.

Nítorí náà, páàdì ojúlówó náà á dá rìn. Kò sí ìlú tí èyí kò ti ṣẹlẹ̀. Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù Switch jáde ní oṣù kẹta 2017, nígbà tó fi máa di 2019 wọ́n ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà nítorí Joy-Con, páàdì rẹ̀, tó ń dá rìn. Ní oṣù kẹfà 2020, ọ̀gá àgbà wọn, Shuntaro Furukawa, tọrọ àforíjì. Ní oṣù kẹrin 2023, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà ti fi ẹjọ́ wọn sun Ìjọba Àpapọ̀ Yúróòpù, wọ́n gbà láti máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀, kódà tí àkókò gàràǹtì bá ti kọjá. Mo sọ èyí fún Bọ̀dá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni òun fẹ́ fi ẹjọ́ sùn ní Mọ́kọ́lá, ṣé alága àdúgbò ni?

Ohun tó ń fọ́ páàdì ni pé nǹkan méjì ń ha ara wọn. Ẹni tó bá ń wá páàdì tí kò ní dá rìn, èyí tí nǹkan kan kò ti ha ara wọn nínú rẹ̀ ni kó wá, wọ́n sì ti ń ṣe é tipẹ́. Edwin Hall rí i ní 1879 pé òòfà máa ń yí ìrìn iná padà nínú irin tó ń gbé iná kọjá. Tí òòfà kékeré bá wà ní ẹsẹ̀ ánálọ́ọ̀gì, tí sẹ́ńsọ̀ kan sì jókòó sí ìwọ̀n díẹ̀ sí i tó ń wo bó ṣe ń sún mọ́ ọn tàbí jìnnà sí i, kò sídìí fún wọn láti fara kan ara wọn. Sega lo ọgbọ́n yìí nínú páàdì ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, Dreamcast, ní 1998. Èédú ló rọ àwọn ilé iṣẹ́ yòókù lọ́rùn, ó pọ́ọ́kú, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kúrò nídìí rẹ̀ fún gbogbo ọdún wọ̀nyí. Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà ló tún gbé e dìde: GuliKit, 8BitDo, GameSir. Èyí tó dé lẹ́yìn ọgbọ́n Hall yìí ni TMR, irú sẹ́ńsọ̀ òòfà mìíràn. Òòfà náà ni, àmọ́ iná tó ń jẹ kò tó ti Hall.

Ká ní orí kọ̀ǹpútà tàbí Xbox ni Bọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n ra GameSir G7 SE tàbí 8BitDo Ultimate 2C, kí wọ́n sì máa bá ayé wọn lọ. Olóòfà ni méjèèjì, owó wọn ò sì tó ti páàdì Xbox tuntun. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí PS4 gbà nínú wọn. Ohun tó kù fún Bọ̀dá ni kó máa ra ayédèrú títí ayé, tàbí kí n yọ èédú kúrò nínú àwọn ojúlówó tó ní, kí n fi òòfà sí i. Wọ́n ń ta ánálọ́ọ̀gì olóòfà lọ́tọ̀, ó bá bọ́ọ̀dù páàdì PS4 mu. TMR ni mo ní kí a rà, torí batìrì 1000 mAh tó wà nínú páàdì PS4 ti kéré tó tẹ́lẹ̀, kò sídìí tí a ó fi tún fi ọ̀jẹun sí i lọ́rùn. Owó ánálọ́ọ̀gì méjì àti iṣẹ́ ọwọ́ mi kò tó owó páàdì ojúlówó tuntun. Bọ̀dá san àsansílẹ̀, alágbàtà ẹrù Ṣáínà bá wa kó wọn wọlé.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ni ánálọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan fi dúró lórí bọ́ọ̀dù: mẹ́ta fún sẹ́ńsọ̀ kìíní, mẹ́ta fún èkejì, mẹ́rin fún L3, mẹ́rin tó kù ló di àpótí irin rẹ̀ mú. Àwọn ẹsẹ̀ àpótí irin yẹn ló máa ń ṣagídí, torí wọ́n so mọ́ bàbà fẹ̀ǹfẹ̀ inú bọ́ọ̀dù, gbogbo ooru tí o bá fún wọn ni bàbà náà ń fà lọ. Ẹni tó bá kánjú á fi agbára fà á, òrùka bàbà tó yí ihò náà ká á bá a wá, bọ́ọ̀dù lọ nìyẹn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n kọ́kọ́ gé ánálọ́ọ̀gì àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, níwọ̀n ìgbà tí a ò tún lò ó mọ́, kí n wá máa yọ ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi lẹ́ẹ̀dì tuntun lé ti àtijọ́ lórí kó lè yọ́ dáadáa, mo fi sọ́kà fà á kúrò nínú ihò, mo sì fi ọtí nu ojú rẹ̀. Tuntun gbọ́dọ̀ jókòó pẹrẹsẹ kí n tó jó o mọ́lẹ̀. Tó bá dagun díẹ̀, àárín rẹ̀ ò ní gún láé.

Bọ̀dá wà níbẹ̀ nígbà tí mo so àkọ́kọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà dúró sí 0.21. Ló bá kígbe: "Injiníà! Òun náà ń dá rìn!"

Kò dá rìn. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ àárín ánálọ́ọ̀gì àtijọ́ sínú páàdì. Bí a ṣe yọ tọ̀hún, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é fún ara wọn máa ń dé tí wọ́n á ní òòfà náà kò dára. Mo padà sí DualShock Calibration GUI, mo tẹ̀ lé ohun tó ní kí n ṣe: ti ánálọ́ọ̀gì méjèèjì sí igun kan, fi sílẹ̀, sí igun kejì, fi sílẹ̀, títí ó fi ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yìn náà ni mo rọra yí wọn ká létí kó lè mọ ibi tí òpin wà. Mo fi pamọ́ sínú páàdì. Nọ́ńbà bọ́ sí 0.00, ó ń yẹ̀ díẹ̀ sí 0.01. Bọ̀dá gbà á lọ́wọ́ mi, ó tì í sọ́tùn-ún sósì, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, kò sọ nǹkan kan, ó tún tì í.

Àwọn ayédèrú ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù wọn kì í dọ́gba, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ kọ àárín tuntun sínú wọn. Mo tú wọn, mo yọ rọ́bà bọ́tìnnì àti batìrì tó ṣì lágbára, Bọ̀dá gbé ìyókù lọ. Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ó máa ń gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan dání. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ò fẹ́ rí i sójú. Ó ní ẹni tí kò bá jẹ́ kí òun so páàdì mọ́ ọn kí òun tó sanwó, òun á kí i pé ó dàbọ̀, òun á kọjá.

Ọyẹ́ ti fẹ́ kọjá, àwọn olóòfà ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé wọn ò ní àbùkù. Sípíríǹgì ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, kì í padà sí àárín tààrà mọ́. Òòfà ò rí ti sípíríǹgì ṣe. Ọmọ kan tẹ L3 kan títí ó fi kú. Bọ́tìnnì tó ń fara kanra nìyẹn ṣì jẹ́, TMR tàbí èédú. Ẹnu ṣáájì ló wá ń gbé páàdì wá sọ́dọ̀ mi jù báyìí, torí micro-USB kò fẹ́ kí wọ́n máa fà á bí okùn ewúrẹ́. Ìyẹn ò tó nǹkan, iṣẹ́ kékeré ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé Bọ̀dá fẹ́ fi PS5 kan kún un. Ó bi mí bóyá kó kúkú ra páàdì DualSense Edge tó jáde ní 2023, torí wọ́n ní ánálọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣeé yọ fúnra ẹni láìjó lẹ́ẹ̀dì. Lóòótọ́ ó ṣeé yọ, dọ́là 19.99 ni wọ́n sì ń ta ẹyọ kan nígbà tó jáde, ṣùgbọ́n èédú náà ló wà nínú rẹ̀, owó páàdì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 199.99 nígbà náà. Fún ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀. DualSense lásán, páàdì tó ń bá PS5 wá, náà gba ánálọ́ọ̀gì TMR, ojú ìwé yẹn sì ti ń bá a ṣètò àárín rẹ̀. Ó ní kí n bá òun pàṣẹ wọn sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé.